Ẹni Tó Tu Ọtí Ìyá Mi Dànù

Orí ife kẹsàn-án ni mo wà nígbà tí ọkùnrin tó jókòó lápá òsì mi rọra ti ike funfun kan sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí," ó ní, "inú ibí lẹ máa tu ú sí."

Mo wò ó tìyanutìyanu. "Kí n tu kí ni?"

"Ọtí tó wà lẹ́nu yín. A kì í gbé e mì. Ife mọ́kànlélógún ló ṣì kù nílẹ̀."

Mo ti gbé e mì kó tó sọ̀rọ̀ tán. Mo wá yíjú wo tábìlì gígùn náà. Àwa méjìdínlógún la jókòó tì í, máníjà ni gbogbo wa, láti ilé iṣẹ́ wáìnì oríṣiríṣi. Àwọn yòókù ní ike níwájú. Wọ́n ń bu ọtí sẹ́nu, wọ́n ń yí i síbí sọ́hùn-ún lẹ́nu, wọ́n sì ń tu ú dànù bí ẹni pé ẹ̀kọ́ ilé ni. Èmi ti rò pé ike òdòdó ni tèmi, mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ má dá mi lẹ́bi. Ọdún kọkànlá rèé tí mò ń bá bàbá mi ta wáìnì. Mo mọ àwọn onílé ìtura, mo mọ àwọn onísọ́ọ̀bù, mo mọ ohun tí mo lè sọ fún ẹni tó wá ra páálí kan tó fi máa gbé mẹ́wàá lọ. Nídìí iṣẹ́ tèmi, ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà jọ máa ń mu ún ni, wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín. Lójú mi, wáìnì jẹ́ nǹkan tó máa ń wà nínú igò. Bó ṣe débẹ̀ kò kàn mí.

Bàbá mi ló rán mi wá. "Mo ti ń dàgbà," ó ní. "Ẹni tó máa jókòó sórí àga mi gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọtí, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń tà á nìkan." Èmi nìkan ló bí, àga náà ò sì ní ẹlòmíì. Bí mo ṣe bá ara mi nílé ẹ̀kọ́ àwọn alákòóso ilé iṣẹ́ wáìnì nìyẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko. Láàárọ̀, wọ́n á kọ́ wa ní ọtí ṣíṣe. Lọ́sàn-án, wọ́n á kọ́ wa ní òwò. Ẹni tó bá fara dà á dópin á gba ìwé ẹ̀rí.

Kó tó di aago méjìlá ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ilé ti ń yí mi. Olùkọ́ ọtí, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ kéré bí ara rẹ̀, ní kí n dìde kí n sọ òórùn tí mo gbọ́ nínú ife kẹsàn-án. Mo dìde. Mo di etí tábìlì mú.

"Òórùn ọtí ni, sà," mo ní.

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ya búrẹ́dì tó wà níwájú rẹ̀ sí méjì, ó sì fún mi ní èyí tó tóbi jù.

"Ẹ jẹ ẹ́, àǹtí. Ojú yín máa wálẹ̀."

"Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ṣàánú mi o," mo ní. Ṣùgbọ́n mo jẹ búrẹ́dì náà, mi ò ṣẹ́ ẹ kù.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi yìí ní Elétí. Òun ni olórí yàrá àgbá nínú ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kan lápá òkè, níbi tí ìdílé méjìlélógójì ti ń kó àjàrà wọn pọ̀ ṣe ọtí kan ṣoṣo. Tí a bá wọ inú yàrá àgbá, tí àwọn yòókù ń wo aago tó ń sọ bí táńkì ṣe gbóná tó, òun á lọ gbé etí lé ara táńkì náà, á di ojú, á máa gbọ́. Àwọn máníjà tó wọ bàtà dídán á máa fi ìgbọ̀nwọ́ gbún ara wọn. Èmi náà fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bi í pé ṣé ọtí náà ń bá a sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn wa ni.

"Kò tíì dórí yín," ó ní, "ṣùgbọ́n mo máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀."

Olùkọ́ òwò ló pa wá pọ̀. Obìnrin kúkúrú kan ni, tó máa ń so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, tí kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni láyé. Ó ní ẹni méjì-méjì ló máa gba àjàrà tó kún àgbá kan, wọ́n á sọ ọ́ di ọtí, wọ́n á sì wá dúró níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn láti sọ ìdí tó fi yẹ kéèyàn rà á.

"Ìwọ," ó nawọ́ sí mi, "o mọ ọjà, o ò mọ ọtí. Ìwọ, Elétí, o mọ ọtí, o ò mọ ọjà. Ẹ lọ kọ́ ara yín."

A fún àjàrà náà, a da omi rẹ̀ sínú àgbá, a fi ìwúkàrà sí i. Ọjọ́ kìíní kọjá, ọjọ́ kejì kọjá, kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Nínú ìwé tí wọ́n fún wa, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ máa hó.

"Ó ti kú," mo ní. "A ti pa á. Ẹ jẹ́ ká tún fi ìwúkàrà sí i."

"Ẹ má fi nǹkan kan sí i. Ẹ wá láago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ ariwo."

Mo dé láago mẹ́fà, inú ń bí mi pé wọ́n jí mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀ yàrá àgbá ni, ó tutù, àgbá méjìdínlógójì sì tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri láìsí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi àwa méjì. Ó nawọ́ sí àgbá wa. "Ẹ gbé etí lé e. Ẹ má mí."

Mo gbé etí lé igi náà. Lákọ̀ọ́kọ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan ju ọkàn ara mi lọ. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ. Ó kéré, ó pọ̀, kò dúró, bí òjò wẹ́wẹ́ tó ń rọ̀ sórí ewé níbi tó jìnnà sí mi. Nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ nínú òkùnkùn yẹn, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó bẹ̀rẹ̀.

Orí mi wú. Mo ti ta ọtí yìí fún ọdún mọ́kànlá! Mo ti gbé e sínú mọ́tò, mo ti tò ó sórí pẹpẹ, mo ti yìn ín fún àwọn tí mi ò mọ̀ rí, mi ò sì mọ̀ pé ìgbà kan wà tó ń mí. Háà ṣe mí. Kí n tó mọ̀, omi ti ń bọ́ lójú mi.

"Kí ló ń pa yín lẹ́kún?" ó béèrè, ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Mi ò mọ̀. Ẹ fi mí sílẹ̀."

"Ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú. Èmi náà sunkún lọ́jọ́ tèmi. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà yẹn, àwọn èèyàn sì ń wò mí."

Mo rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ẹkún. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti pè é ní Elétí láti fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Orúkọ oyè ló dà lẹ́nu mi.

Lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ọkùnrin tó lè fi etí mọ bí ọtí ṣe ń ṣe, tí wọ́n bá ní kó dìde sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn mẹ́wàá, á gbé ìwé bo ojú, á sì máa kà á wúyẹ́wúyẹ́ síbẹ̀. Olùkọ́ òwò bi í lọ́jọ́ kan pé báwo ló ṣe ń ta ọtí wọn. Ó ní, "Wọ́n máa ń gbé mọ́tò wá kó o ni, mà." Obìnrin náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

Mo mú un lọ sábẹ́ igi tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. "Má wo gbogbo wọn," mo ní. A ti fi "ẹ" sílẹ̀ nígbà yẹn, mi ò mọ ọjọ́ tá a fi í sílẹ̀ gan-an. "Èmi ni kó o máa wò. Èmi ni mo wá rà á. Kí ló dé tí màá fi ra tìẹ, tí mo fi máa fi ti aládùúgbò rẹ sílẹ̀?"

Ó ronú títí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ó ti sùn.

"Nítorí pé ìdílé méjìlélógójì ló wà nínú igò yẹn," ó ní níkẹyìn. "Bàbá kan wà níbẹ̀ tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í kí ara wọn. Àmọ́ tí àsìkò ìkórè bá dé, wọ́n á jọ gbé apẹ̀rẹ̀ kan náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì. Inú ọtí yẹn nìkan ni wọ́n ti ń pàdé."

Mo ti kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní ọgbọ́n ọjà lóríṣiríṣi, kò sẹ́ni tó sọ irú ẹ̀ fún mi rí.

"Mo rà á," mo ní. "Gbogbo ẹ̀ ni mo rà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wò mí. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé ojú kúrò, èmi náà ò sì gbé tèmi.

Lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, a dúró níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, ipò kẹta la sì gbà. Èmi bínú, mo ní wọ́n rẹ́ wa jẹ. Òun ń fi omi fọ àgbá wa tó ti ṣófo, ó wá pa ẹ̀rọ omi.

"Ọ̀gá Ọjà," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "tí mo bá padà sílé lọ́la, mi ò mọ ẹni tí màá máa bá sọ̀rọ̀."

"O ò kúkú kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Mi ò kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo ti gbìyànjú kí n rí ọ̀nà tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fi sọ ọ́, mi ò rí."

Mo kàn bọ́ sínú omi tó wà nílẹ̀ pẹ̀lú bàtà mi, mo sì dì mọ́ ọn.

Nígbà tí mo sọ fún àwọn ará ilé, Àǹtí Àgbà ló kọ́kọ́ fọhùn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, òun ló tọ́ mi dàgbà, ẹnu rẹ̀ sì mú.

"Ẹni tó ń fọ àgbá fún àwọn àgbẹ̀?" ó ní. "Pẹ̀lú bàtà rọ́bà? Ọmọ mi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rẹ lo fi dúró de ìyẹn?"

"Máníjà ni, Àǹtí."

"Máníjà àgbá. Àga bàbá rẹ ló ń wò, ìwọ ò rí i ni."

Bàbá mi jẹ́ kó sọ tán. Ó wá ní, "Mú un wá lọ́sàn-án Sátidé. Màá fi ojú ara mi wò ó."

Ó wá lóòótọ́, nínú kóòtù tó yá lọ́wọ́ ẹnìkan, apá rẹ̀ kúrú díẹ̀. Ó tẹrí ba fún bàbá mi, ó kí Àǹtí Àgbà dáadáa. A jókòó ní pálọ̀ tó kọjú sí ọgbà àjàrà. Fọ́tò ìyá mi wà lára ògiri, ó dijú díẹ̀ nítorí oòrùn. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tó kú, mi ò rántí nǹkan kan nípa rẹ̀, fọ́tò yẹn nìkan ni mo mọ̀.

Bàbá mi dìde, ó wọlé, ó sì padà wá pẹ̀lú igò kan tí kò ní ìwé lára. Ọtí ìyá mi ni. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lọ́dún tí wọ́n bí mi, ó sì ti ń tán lọ. Igba igò ló wà nígbà kan, ó ti ku mẹ́ta. Bàbá mi kì í ṣí i àfi tí ọ̀rọ̀ bá tóbi, kì í sì í sọ ohun tó jẹ́ fún ẹni tó bá fún. Ẹni náà á mu ún, á ní ó dáa, wọ́n á sì bọ́ sínú ọ̀rọ̀. Inú mi dùn dé ìdí. Ó túmọ̀ sí pé ó ti ka ọkùnrin mi sí èèyàn.

Ó yẹ kí n ti sọ fún Elétí. Mi ò mọ̀ pé Bàbá máa ṣí i lọ́jọ́ yẹn ni, nígbà tí mo sì fi mọ̀, ojú bàbá mi ti wà lára wa.

Ọkùnrin mi gba ife náà, ó dúpẹ́. Ó wò ó sí ojú fèrèsé. Mo rí i pé nǹkan kan yí padà lójú rẹ̀. Ó mi ife náà yí ká, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dijú. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ó gbàgbé wa. Ó gbàgbé pé pálọ̀ àna òun lòun wà. Ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ó fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, ó jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọ̀tún, ó rí ìkòkò òdòdó Àǹtí Àgbà lórí àpótí, ó sì tu ọtí náà sínú rẹ̀. Ó tu ú dáadáa, kò sí ìkán kan tó kan rọ́ọ̀gì.

"Yéè!" Àǹtí Àgbà ló kígbe. "Ó tu ọtí ìyá ọmọ dànù!"

Ìgbà yẹn ló tó jí. Ó wo ìkòkò, ó wo èmi, ó wo fọ́tò ara ògiri. "Ẹ forí jì mí, sà. Iṣẹ́ ló… Tí mo bá gbé e mì, mi ò ní gbọ́ ọ dáadáa. Mi ò mọ̀, sà."

Bàbá mi mú ìdérí, ó fi dé igò náà, ọwọ́ rẹ̀ ò yára. "Ó ti pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí ìyá ọmọ yìí ti kú," ó ní. "Kò tíì sẹ́ni tó tu iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dànù lójú mi." Ó gba ilẹ̀kùn ọgbà jáde, kò sì padà wọlé títí àlejò fi lọ.

Lẹ́nu ọ̀nà, mo bá Elétí jà. Mo bi í pé irú ìyà wo ló fi jẹ mí yẹn.

"O lè ti sọ fún mi," ó ní.

"Ìwọ náà lè ti gbé e mì bí gbogbo èèyàn!"

"Ọtí yẹn," ó bẹ̀rẹ̀, "kì í ṣe ọtí téèyàn kàn lè…"

"Máa lọ ilé rẹ," mo ní. Ó lọ.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, bàbá mi ò dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀ fúnra mi, ó ní, "Mi ò ní kó o má fẹ́ ẹ. Àgbà ni ẹ́. Mo kàn ní kò ní wọ ilé mi mọ́." Kí ni mo fẹ́ fi ìgbéyàwó tí bàbá mi ò ní bá mi ṣe ṣe? Òun nìkan ni mo ní, èmi nìkan ló ní. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè rí ara mi lọ́dọ̀ ọkùnrin míì. Mo pe Elétí lórí fóònù, mo ní kó jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì sílẹ̀ ná.

"Mo gbọ́," ó ní. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé fóònù kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹfà lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà kan dé. Irú ìwé tá a máa ń kọ ohun tá a bá tọ́ wò sí nílé ẹ̀kọ́ ló wà nínú rẹ̀, ó ti kún. Ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀: "Ọjọ́ tí mo kúrò nílé yín ni mo kọ èyí. Mi ò fẹ́ fi í ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, kó má baà dà bí ẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ni, ìwọ lo ni ín."

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé e lọ sídìí tábìlì tí bàbá mi àti Àǹtí Àgbà ti ń mu tíì àárọ̀. Mi ò tọrọ àyè. Mo dúró, mo sì kà á sókè.

"Wáìnì funfun ni. Ó tó ọgbọ̀n ọdún, ó lè fi díẹ̀ lé. Wọ́n ká àjàrà rẹ̀ ṣáájú àsìkò, bí ọjọ́ mẹ́wàá. Kì í ṣe àṣìṣe. Ẹni tó ká a mọ̀ pé kò tíì pọ́n, ó sì mọ̀ pé òun ò lè dúró. Kò fún un nífùúnkúfùú. Ó fi í sórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ó ń fi igi ro ó léraléra, kí kíkan rẹ̀ lè rọ̀. Ìkánjú ló fi bẹ̀rẹ̀, sùúrù ló fi parí. Ká ní ó dúró kó pọ́n ni, ì bá dùn ju báyìí lọ lọ́dún yẹn, ì bá sì ti kú tipẹ́tipẹ́. Kíkan yẹn ló jẹ́ kó wà láàyè dòní. Mi ò tọ́ irú rẹ̀ wò rí. Ì bá wù mí kí n ti mọ ẹni tó ṣe é."

Bàbá mi gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Tún ibi ọjọ́ mẹ́wàá yẹn kà."

Mo tún un kà.

"Ta ló sọ fún un?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún un, Bàbá. Èmi gan-an ò mọ̀."

Ó wo Àǹtí Àgbà. Àǹtí Àgbà ti fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Dókítà ti dá ọjọ́ ìbímọ fún un," bàbá mi ní. "Àárín ìkórè gan-an lọ́jọ́ yẹn bọ́ sí. Mo ní kó jẹ́ káwọn òṣìṣẹ́ bá a ká a tó bá pọ́n. Ó ní kò sẹ́ni tó máa ká àjàrà òun lẹ́yìn òun. Bó ṣe gbé oyún ńlá wọ inú oko nìyẹn. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ẹ̀ ló bí ẹ. Gbogbo oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn rẹ̀ lo wà tó fi ń ro àgbá."

"Èmi ni mo bú u jù," Àǹtí Àgbà ní, ó ti ń sunkún. "Mo ní ó ti fi ìwàǹwára ba ọtí odindi ọdún kan jẹ́. Oníbàárà kan ò gbà á. Mo sọ ọ́ sí i létí, kò sì dá mi lóhùn."

"Ìdí tí mo ṣe ń fún àwọn èèyàn nìyẹn," bàbá mi ní. "Mo fẹ́ kí ẹnìkan sọ fún mi bóyá ó bà á jẹ́ tàbí kò bà á jẹ́. Gbogbo wọn ń gbé e mì, wọ́n ń ní ó dáa nítorí ojú mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń parọ́ fún mi."

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ lórí ìdúró níbẹ̀ pé èmi ni ìkánjú tó wà nínú ọtí yẹn. Èmi náà sì ni sùúrù rẹ̀. Ọkùnrin tí kò mọ̀ mí nígbà yẹn, tí kò mọ ìyá mi, ti fi ẹnu ka gbogbo rẹ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú kan, bí ẹni ń ka ìwé. Ẹ̀rù ìfẹ́ rẹ̀ bà mí. Mi ò mọ orúkọ míì tí mo lè pè é.

Bàbá mi dìde. Ó wọlé, ó gbé igò kan jáde. "Ìwọ lo máa wa mọ́tò," ó ní fún mi.

Ọ̀nà wákàtí méjì ni. Bàbá mi gbé igò náà sórí itan. Nígbà tá a dé yàrá àgbá àwọn àgbẹ̀ náà, oòrùn ti mú. Elétí wà nínú bàtà rọ́bà, ó ń fi omi fọ ilẹ̀. Nígbà tó rí ẹni tó wà lẹ́yìn mi, okùn omi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ta sára ògiri.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ forí jì mí…"

"Pa omi yẹn ná," bàbá mi ní. "Wá ife."

Ó ṣí igò náà fúnra rẹ̀, ó bu ún fún un. "Má ṣe bí àlejò. Ṣe é bó o ṣe máa ń ṣe é, kó o wá sọ èyí tó kù fún mi."

Elétí wò mí, mo mi orí sí i pé ó yá. Ó tọ́ ọ wò. Ó tu ú sí ojú omi tó ń ṣàn lọ nílẹ̀. Ó ní àgbá tó fi ṣe é kì í ṣe tuntun, wọ́n ti lò ó rí, wọ́n sì fọ̀ ọ́ dáadáa. Ó ní ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní ẹni náà mọ ohun tó ń ṣe ju àwọn tó wà láyìíká rẹ̀ lọ, kò sì bá wọn jiyàn. Bàbá mi ń mi orí sí gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ìbéèrè kan ló kù," ó ní. "Ǹjẹ́ inú rẹ̀ ń dùn? Nígbà tó ń ṣe é. Torí pé gbogbo wa la ta kò ó. Èmi náà ta kò ó."

Mo mọ ọjà. Mo mọ ìgbà tí ẹni tó fẹ́ rà bá ti kó owó rẹ̀ sílẹ̀, tó ku kó o sọ ọ̀rọ̀ kan péré. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù, bàbá mi á sì fi gbogbo ilé fún un. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́.

Ó gbé ife náà kalẹ̀ sórí àgbá.

"Bàbá, ọtí kì í sọ ìyẹn," ó ní. "Tí mo bá ní ó sọ ọ́ fún mi, irọ́ ni mo pa fún yín. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Mo rò pé ó ti parí. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé orí àgbá, ó ń wo ilẹ̀ tútù náà.

"Ó máa ń kọrin," ó ní lójijì. "Tó bá ń ro àgbá, tó pọ̀n ọ́ sẹ́yìn, ó máa ń kọrin. Ohùn rẹ̀ ò dáa rárá." Ó rẹ́rìn-ín, omijé sì dà lójú rẹ̀. "Inú rẹ̀ ń dùn. Kí ló dé tí mo gbàgbé? Inú rẹ̀ ń dùn!"

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ìyá mi máa ń kọrin.

"Orin wo ni, Bàbá?"

Bàbá mi, ọ̀gá àgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń sá fún, yanu, ó sì kọ ọ́ níbẹ̀, láàárín àgbá àwọn ẹlòmíì. Kò rántí gbogbo rẹ̀. Ó kọ ọ́ dé ibi tó mọ, ó dákẹ́, ó nu ojú. Ó wá yíjú sí ọkùnrin tó di ọkọ mi lẹ́yìn ìkórè ọdún náà.

"Ìgbà wo lo máa padà wá sílé wa?"

"Tẹ́ ẹ bá ní kí n wá lọ́la, sà, màá wá."

"Kí ló ṣe òní?" bàbá mi ní. "Wọ mọ́tò."